Owó Àsansílẹ̀ àti Ìdápadà Rẹ̀: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan ní Ẹkùn Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀, láti Owó Ìdána dé Owó Gbọ̀ngàn Ọdún 2020

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ìtàn ọ̀rọ̀ kan wò: “àsansílẹ̀”. Nígbà tí àrùn COVID-19 dá ayẹyẹ ìgbéyàwó dúró ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìdílé ti sanwó sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé ta ló ni owó náà. A fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ owó tí Yorùbá ti ń lò tipẹ́, bí “ìwọ̀fà”, “àjọ”, “ìdógò” àti “ìdána”, máa ń gbé òfin ìdápadà wọn dání, ṣùgbọ́n “àsansílẹ̀” kò gbé e dání. Ní ẹkùn Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀, níbi tí èdè kan ti bá òfin Faransé àti òfin Gẹ̀ẹ́sì pàdé, àìsí òfin yìí nínú ọ̀rọ̀ náà lè ná ìdílé kan ní owó gidi.

1. Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ìdílé kan ń gbé ní Ita-Djèbou, ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di Ṣakẹ́tẹ́ ní ẹkùn Plateau, orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ relé ọkọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kẹrin 2020. Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ wà ní Kútọnu, àwọn mìíràn wà ní Èkó. Kí ọ̀nà má baà jìn jù fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gba gbọ̀ngàn ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n san ìdajì owó gbọ̀ngàn náà. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà kò ju ìlà mẹ́ta lọ: orúkọ, iye owó, àti ọ̀rọ̀ Faransé náà “avance”. Nígbà tí bàbá ìyàwó délé, ó sọ fún àwọn ẹbí pé, “A ti sanwó sílẹ̀.”

Ìdílé yìí kì í ṣe ìdílé kan pàtó. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dé bá wọn kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2020 ni ìjọba Benin kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn COVID-19 ní orílẹ̀-èdè náà. Láti ọjọ́ 30 oṣù yẹn, wọ́n yí àwọn ìlú kan ní gúúsù ká, wọ́n sì dí ọ̀nà àtiwọlé àti àtijáde wọn: Kútọnu, Abomey-Calavi, Sèmè-Podji, Àjàṣẹ́, Adjarra, Akpro-Missérété àti àwọn mìíràn. “Cordon sanitaire” ni wọ́n pè é. Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ wà lẹ́yìn òde rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí ìdílé wa ti sanwó fún wà nínú rẹ̀. Ilé ọtí, ilé ijó àti ibi àríyá di títì. Ní òdìkejì ààlà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sé ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Abuja mọ́lé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta kan náà. Ibodè ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá ti wà ní títì láti oṣù Kẹjọ 2019, kí àrùn náà tó dé rárá.

Ìgbéyàwó náà kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bàbá ìyàwó ní kí onígbọ̀ngàn dá owó òun padà. Onígbọ̀ngàn ní owó tí ènìyàn bá ti san sílẹ̀ kì í padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, àwọn méjèèjì sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn àwọn. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe ń gbe ẹni méjì tó ń bá ara wọn du owó kan ṣoṣo? Kí a tó dáhùn, a ó kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà, a ó wá gba ojú ìtàn wo àwọn owó mìíràn tí Yorùbá ń gbé sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó àti gbèsè, lẹ́yìn náà a ó wo òfin méjì tí ààlà ọdún 1889 kó wọ inú èdè kan.

2. Ohun tí “sílẹ̀” ń sọ

“Àsansílẹ̀” rọrùn láti tú. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “à-” ni a fi mọ́ àpólà ìṣe “san sílẹ̀”, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú “àkọsílẹ̀” àti “àfipamọ́”. “San” kò ní wàhálà: kí a fi owó fún ẹni tó tọ́ sí ni. “Sílẹ̀”, tí í ṣe “sí” àti “ilẹ̀”, ni ká fara balẹ̀ wò.

Ó kéré tán, iṣẹ́ méjì ni “sílẹ̀” ń ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Èkíní ni ìmúrasílẹ̀: a ń pọn omi sílẹ̀, a ń se oúnjẹ sílẹ̀, a ń pèsè sílẹ̀. Ohun tí a ṣe sílẹ̀ báyìí ṣì jẹ́ tiwa. A kàn ń dúró de ìgbà tí a ó lò ó ni. Èkejì ni ìyọwọ́kúrò: a ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ń ju nǹkan sílẹ̀, a ń tú ẹran sílẹ̀. Ohun tí a fi sílẹ̀ báyìí ti kúrò lọ́wọ́ wa. “Kọ̀ sílẹ̀”, tí a ń lò fún ọkọ tàbí aya tó já ìgbéyàwó, wà nínú ẹgbẹ́ kejì yìí.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọmọ èdè kì í ṣi ẹgbẹ́ méjèèjì mú, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣáájú máa ń sọ èyí tó jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ “pọn omi sílẹ̀” kó rò pé wọ́n da omi nù. Ṣùgbọ́n “san” wà láàárín. Ẹni tó sanwó ti yọwọ́ kúrò lára owó, síbẹ̀ ó ń múra fún ohun kan tí kò tíì rí gbà. Bàbá ìyàwó gbọ́ ìmúrasílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Onígbọ̀ngàn gbọ́ ìyọwọ́kúrò. Èdè kò tako èyíkéyìí nínú wọn.

Irú ìyapa yìí wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe tí a fi ń bèèrè owó náà pẹ̀lú. Ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn ni a sábà ń “dá padà”: aṣọ tí a yá, ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ àgbàlá wa. Gbèsè ni a ń “san padà”: owó tí a ti ná, tí a wá fi òmíràn dípò. Bí bàbá ìyàwó bá ní, “Ẹ dá owó mi padà,” ohun tó ń sọ ni pé owó náà kò fìgbà kan kúrò ní tòun. Bí onígbọ̀ngàn bá dáhùn pé, “Mi ò jẹ yín ní gbèsè,” “san padà” ló dá lóhùn. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà.

Ohun kan ṣoṣo tí “àsansílẹ̀” sọ kedere ni àkókò: owó náà ṣáájú iṣẹ́. Kò sọ ibi tí owó ń lọ bí iṣẹ́ kò bá wáyé.

3. Owó tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ owó Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo “ìwọ̀fà”. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún. Ẹni tó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró gẹ́gẹ́ bí èlé. Kò dín owó tí wọ́n yá kù rárá, bó ti wù kí ọdún pọ̀ tó. Owó náà ni wọn yóò dá lé olówó lọ́wọ́ ní pípé, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kó o fún un ni ìwọ̀fà yóò máa lọ sílé. Ìnira ńlá wà nínú àṣà yìí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹwà èdè bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó bá ti gbọ́ “ìwọ̀fà” ti mọ èyí tó ń padà àti èyí tí kì í padà. Orúkọ náà ni ìwé àdéhùn.

“Àjọ” náà rí bẹ́ẹ̀. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni lójoojúmọ́, ó sì ń kó o fún un lópin oṣù, ó ku owó ọjọ́ kan tí alájọ yóò mú fún làálàá rẹ̀. Kò sí ọjà kankan ní ẹkùn yìí tí a ti nílò kí ẹnikẹ́ni kọ òfin yẹn sílẹ̀. Owó ń padà. Ìwọ̀nba tó ń ṣẹ́ kù sọ́wọ́ alájọ ti ní òṣùwọ̀n kí ẹni àkọ́kọ́ tó dá owó. A ó tún pàdé òṣùwọ̀n yìí níwájú.

“Ìdógò” ni ohun tí a fi dúró fún gbèsè, tí a ń gbà padà nígbà tí a bá san gbèsè tán. Ọ̀rọ̀ náà ní ìbátan kan tó le. Johnson sọ pé bí ajẹgbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó lè lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n fún un ní ológò, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dógò ti ajẹgbèsè. Ológò yóò wọ ilé, yóò jókòó, yóò pariwo, yóò máa bèèrè oúnjẹ, yóò máa mú adìyẹ ilé pa, títí ìtìjú àti ìnáwó yóò fi lé ajẹgbèsè lọ wá owó. Ẹ̀mú, tí àwọn mìíràn ń pè ní àmúyá, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn yóò mú ẹlòmíràn láti ìdílé tàbí ìlú ajẹgbèsè dè títí gbèsè yóò fi di sísan. Olatunji Ojo ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2007. Àwọn ọ̀nà yìí kò bójú mu lónìí. Síbẹ̀ wọ́n fi ohun kan hàn: ìbínú ń bọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé gbèsè wà. Ìbéèrè “ṣé ó ń padà?” kì í sábà sí níbẹ̀, “nígbà wo?” ni ìbéèrè.

4. Ìdána: owó ìgbéyàwó tó ń padà

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni owó ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Johnson to ìgbéyàwó àtijọ́ sí ìpele mẹ́ta, tí ìṣíhùn àti ìgbéyàwó wà nínú wọn. Kí olùkọ́ èdè ṣàkíyèsí pé “ohùn” ló wà nínú “ìṣíhùn”, gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú “àdéhùn”. Owó kò ní ìtumọ̀ níbẹ̀ láìsí ohùn tó bá a rìn. Ìdána ni ohun tí ẹbí ọkọ kó wá láti dá àna, kí ilé méjì lè di ìbátan.

Òfin ìdápadà ìdána kò ṣókùnkùn. Bí aya bá kọ ọkọ, tó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ìdána gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ọkọ àkọ́kọ́, ọkọ tuntun ló sì sábà ń san án. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ìjọba amúnisìn dé, ọ̀nà àbáyọ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin gbà. Judith Byfield fi ìwé Abẹ́òkúta láàárín 1892 àti 1904 ṣe iṣẹ́ lórí èyí, ó sì fi hàn bí àwọn obìnrin ṣe gbé ọkọ lọ sílé-ẹjọ́ láti já ìgbéyàwó, tí dídá owó ìdána padà sì wà láàárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ náà. Iye ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ṣé aṣọ tí ọkọ rà wà nínú rẹ̀? Ṣé iṣẹ́ oko tó bá àna rẹ̀ ṣe wà nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ “ìdána” ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, ilé-ẹjọ́ ló kù tí yóò ka owó.

Ní ìhà Faransé, àwọn aláṣẹ Dahomey gbìyànjú láti kọ àṣà sílẹ̀ bí òfin nínú ìwé tí a mọ̀ sí Coutumier du Dahomey, tó jáde láti inú ìwé àṣẹ ọdún 1931. Òfin tuntun lórí ènìyàn àti ìdílé ní Benin, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 2004, sọ pé owó ìdána kò ju àmì lásán lọ. Láti ìgbà yẹn, lójú òfin, owó ńlá inú ìgbéyàwó kò sí lára ìdána mọ́. Owó ńlá ṣì wà, àmọ́ ó ti ṣí lọ sídìí aṣọ ẹbí, oúnjẹ, orin, àti gbọ̀ngàn.

Ìyípadà yìí tóbi ju bó ti rí lójú lọ. Ní ayé àtijọ́, iwájú agbo ilé ni wọ́n ti ń ṣe ìyàwó. Bí òjò bá rọ̀ tàbí òkú bá ṣẹlẹ̀, wọn yóò sún ọjọ́ náà. Iwájú ilé kò ní lọ síbì kan, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó ilẹ̀. Ìdána wà láàárín àwọn tí wọ́n mọ ilé ara wọn. Owó gbọ̀ngàn ń lọ sọ́wọ́ oníṣòwò tí kì í ṣe àna, tí kì í ṣe alájọ, tí kò sì sin ẹnikẹ́ni. Owó náà jáde kúrò nínú ìbátan, ó sì bọ́ sínú òfin. A wá nílò láti béèrè: òfin ta ni?

5. Ìlà ọdún 1889: èdè kan, òfin méjì

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó fa ìlà láàárín àwọn ibi tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí. Ìlà náà fi Ṣakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu sí ìhà Faransé, ó sì fi Ìlaròó àti Abẹ́òkúta sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kò dúró níbi ìlà, òfin ló dúró. Ọ̀rọ̀ owó tó ń ti Èkó wá sí Ita-Djèbou ń yí òfin padà lójú ọ̀nà láìyí ìró rẹ̀ padà.

Òfin Faransé ní orúkọ méjì níbi tí Yorùbá ti ní ẹyọ kan. “Arrhes” ni owó tí a fi di nǹkan mú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà. Abala 1590 nínú ìwé òfin ọdún 1804, tó bá Faransé dé ilẹ̀ wa tó sì kù sí Benin, sọ bó ti ń ṣiṣẹ́ nínú àdéhùn ọjà: bí ẹni tó san án bá yí ọkàn padà, owó náà gbé, bí ẹni tó gbà á bá yí ọkàn padà, ìlọ́po méjì ni yóò dá padà. “Acompte” yàtọ̀: apá kan owó ọjà ni, kò sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti sá. Ní Faransé lónìí, òfin oníbàárà sọ pé bí ìwé àdéhùn kò bá wí nǹkan mìíràn, “arrhes” ni owó àsansílẹ̀. “Avance”, tí ẹnu àwọn ènìyàn mọ́ jù ní Benin, kò sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Bí “àsansílẹ̀”, àkókò nìkan ló sọ.

Ìrìnàjò “arrhes” fúnra rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́. Láti inú Látìnì “arrha” ló ti dé Faransé. Látìnì gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì “arrabōn”. Gíríìkì gbà á láti inú èdè àwọn Sẹ́mítì, bóyá lẹ́nu àwọn oníṣòwò ojú omi. Nínú èdè Gíríìkì òde òní, ọ̀rọ̀ kan náà ti di orúkọ àdéhùn ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni owó ìdìmú ọjà àti owó ìdìmú ìyàwó ti sún mọ́ra.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ẹjọ́ ló fi kọ́ ọgbọ́n, ọgbọ́n náà sì pẹ́ kó tó dé. Ẹjọ́ tó jọ tiwa jù bẹ̀rẹ̀ láti ayẹyẹ kan tí àìsàn dá dúró. Wọ́n ti dá ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1902 fún ìwúyè Ọba Edward Keje. Ẹni kan tí ń jẹ́ Henry gba yàrá ní Pall Mall, London, ní pọ́n-ùn 75, kí ó lè jókòó lójú fèrèsé wo ọba bó ti ń kọjá. Ó san pọ́n-ùn 25 sílẹ̀. Ọba ṣàìsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìwúyè sì di oṣù Kẹjọ. Krell tó ni yàrá ní kí Henry san pọ́n-ùn 50 tó kù. Ní 1903, ilé-ẹjọ́ sọ pé kò ní san án, nítorí ohun tí àdéhùn dúró lé lórí ti ṣubú. Ṣùgbọ́n kò gba pọ́n-ùn 25 rẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú ìbéèrè yẹn.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Chandler àti Webster, lórí ìwúyè kan náà, ẹni tó ti san pọ́n-ùn 100 kò rí i gbà padà, wọ́n tún ní kó san pọ́n-ùn 41 àti ṣílè 15 tó kù, nítorí ọjọ́ sísan ti pé kí àìsàn ọba tó dá ìwúyè dúró. Ìlànà náà ni pé ibi tí òfo bá bá owó ni owó wà. Ó gba ogun kan kí wọ́n tó yí i padà. Ní 1942, ilé iṣẹ́ Fibrosa ti Pólàńdì bèèrè pọ́n-ùn 1,000 tó san sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ogun kò jẹ́ kó dé Gdynia. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní kí wọ́n dá a padà, nítorí ẹni tó sanwó kò rí ohunkóhun gbà. Ọdún kejì ni Òfin 1943 jáde: owó tí a san sílẹ̀ ń padà, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ lè jẹ́ kí ẹni tó gbà á mú iye tó ti ná nítorí àdéhùn náà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ alájọ yóò dá ìlànà yìí mọ̀. Owó ń padà, ìwọ̀nba kan ń kù fún làálàá tó wáyé ní tòótọ́. Ogójì ọdún ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi wá ohun tí “àjọ” ti ń sọ nínú ọjà.

6. Padà sí ọdún 2020

Ẹ jẹ́ kí a mú ìmọ̀ yìí padà sọ́dọ̀ ìdílé Ita-Djèbou. Onígbọ̀ngàn ní owó àsansílẹ̀ kì í padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ bí owó náà bá jẹ́ “arrhes” tí ìdílé sì yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n ìdílé kò yí ọkàn padà. Àṣẹ ìjọba ló ti ibi àríyá, àṣẹ ìjọba ló dí ọ̀nà Àjàṣẹ́. Abala 1590 ń sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó sá. Kò sọ ohunkóhun lórí ẹni tí wọ́n dí lọ́nà. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ náà ni “force majeure”, agbára tó ju ti ẹni méjèèjì lọ. Lábẹ́ rẹ̀, onígbọ̀ngàn kò ní san owó gbà-máa-bínú fún gbọ̀ngàn tí kò lè ṣí, gẹ́gẹ́ bí abala 1148 ti wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fúnni ní ohun tó tà kò ní ìdí tí yóò fi di owó rẹ̀ mú. Nítorí náà, kódà bí a bá gbà pé “arrhes” ni owó náà, gbólóhùn “kì í padà” kò bá ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mu.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ló wá di pàtàkì. Bí bàbá ìyàwó bá ti ránṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta pé ẹ̀rù ń ba àwọn, àwọn kò ṣe mọ́, onígbọ̀ngàn lè sọ pé ó yí ọkàn padà kí àṣẹ tó jáde. Bó bá dúró di ọjọ́ 30, àṣẹ ló dá ọjọ́ náà dúró. Ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàárín, ìdajì owó gbọ̀ngàn sì lè rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń bèèrè owó nílò ìwé ẹ̀rí, ẹ̀dà àṣẹ ìjọba, àti lẹ́tà tó ní ọjọ́ lórí, tó sọ pé gbọ̀ngàn kò ṣeé lò, kì í ṣe pé àwọn kò fẹ́ lò ó.

Bí gbọ̀ngàn náà bá jẹ́ ti Èkó, ọ̀nà yóò yàtọ̀ díẹ̀. Ìlànà tí ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ni yóò kọ́kọ́ kàn, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 sì fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti béèrè fún sílẹ̀, kí olùtajà mú ìwọ̀nba tó bọ́gbọ́n mu nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé London ni, láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀, àjọ tó ń mójú tó ìdíje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2020 pé níbi tí òfin ìsémọ́lé kò bá jẹ́ kí iṣẹ́ wáyé, oníbàárà yẹ kó gba gbogbo owó rẹ̀ padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì dárúkọ ìgbéyàwó mọ́ ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀nà mìíràn tó wọ́pọ̀ níbi gbogbo ni pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú dípò kí wọ́n dá owó padà. Faransé fi òfin gbè é fún àwọn onírìnàjò ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2020: oníṣòwò lè fi ìwé tó dúró fún oṣù 18 rọ́pò owó, bí wọn kò bá sì lò ó, owó yóò padà. Sísún ọjọ́ bá àṣà wa mu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó gbà á mọ ohun tó gbà. Bí ó bá ní “ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀” láìkọ ọjọ́ tí owó yóò padà bí ọjọ́ tuntun náà bá tún yẹ̀, ó ti yí owó ìmúrasílẹ̀ padà sí owó ìyọwọ́kúrò láìmọ̀.

A kò gbọ́dọ̀ sọ onígbọ̀ngàn di olè. Ó ní òṣìṣẹ́, ó lè ti sanwó fún àga àti ìlù, ilé rẹ̀ sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí Òfin 1943 àti àjọ jọ kọ́ wa ni pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ohun tó ná, kó sì fi han ẹni tó sanwó. Kíkà yẹn ni kò sí nínú “kì í padà”. Gbólóhùn náà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìṣirò.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ń lo “ìwọ̀fà”, “àjọ”, “ìdógò” àti “ìdána” ti fi òfin ìdápadà sínú orúkọ, nítorí owó náà wà láàárín àwọn tí yóò tún pàdé. Nígbà tí owó ìgbéyàwó jáde lọ bá àlejò, a fi ọ̀rọ̀ tó sọ àkókò nìkan sìn ín lọ. Ọdún púpọ̀ kọjá tí èyí kò dun ẹnikẹ́ni, nítorí ayẹyẹ ń wáyé. Ọdún 2020 ló fi àlàfo náà hàn.

Fún àwa tí a ń kọ́ èdè, iṣẹ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní, kí a kó àwọn ìwé ẹ̀rí owó jọ ní ìhà méjèèjì ààlà, kí a wo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń kọ síbẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbà pé ó túmọ̀ sí. Èkejì, nígbà tí a bá ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣòwò àti òfin, kí a má fi “àsansílẹ̀” nìkan túmọ̀ “arrhes” àti “acompte” pọ̀. “Owó ìdìmú” bá èkíní mu; “apá kan owó” bá èkejì mu. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ọmọ èdè kankan, ẹni tó bá gbọ́ wọn yóò sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Bàbá ìyàwó kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà tó délé tó ní, “A ti sanwó sílẹ̀.” Ohun tó kù nínú gbólóhùn rẹ̀ ni apá kejì, èyí tó yẹ kí òun àti onígbọ̀ngàn ti jọ sọ, kí wọ́n sì kọ sílẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: “bí ọjọ́ náà bá yẹ̀, báyìí ni yóò ṣe padà.”